Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Fídíò Ran Rẹfirí Lọ́wọ́ Nínú Ìdíje Bọ́ọ̀lù Ìlú Yín

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, tí àwọn ọmọ Èkìtì ń ti Èkó, Àbújá àti ìlú òyìnbó wọlé, ìdíje bọ́ọ̀lù á bẹ̀rẹ̀ káàkiri, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ọ̀yẹ́, láti Ẹ̀fọ̀n dé Òmùò. Ìjà tó sì máa ń tú pápá ká kì í sábà yàtọ̀: àwọn kan ní bọ́ọ̀lù wọlé, àwọn kan ní kò wọlé, rẹfirí sì jìnnà síbẹ̀, kò rí i dáadáa. Fóònù mẹ́rin, ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún wọn, àti òfin ojú ewé kan tí gbogbo ẹgbẹ́ ti buwọ́ lù kó tó di ọjọ́ eré, lè parí irú ìjà bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì. Òfin ojú ewé kan yẹn ló ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Òfin ṣáájú kámẹ́rà

Ẹ kọ ohun tí fídíò lè yẹ̀ wò sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ibi tó yẹ kí ẹ ti kọ́gbọ́n ni bésìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gba fídíò láàyè níbẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2008 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù tó lọ sí ògiri ẹ̀yìn pápá nìkan ni adájọ́ lè wò lórí fídíò: ṣé ó kọjá ògiri àbí kò kọjá, ṣé inú ààlà ló gbà àbí ìta, ṣé òǹwòran kan ló fọwọ́ kàn án. Gbogbo ìyókù, ohun tí adájọ́ bá fojú rí labẹ gé.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 2010, Armando Galarraga, ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Detroit Tigers, ti yọ ẹni 26 kúrò léraléra láìjẹ́ kí ẹnì kankan dé bésì, ìyẹn ibi àmì tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ sá dé kí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀. Ó ku ẹnì kan péré kí ó yọ gbogbo wọn tán. Jim Joyce, adájọ́ tó wà ní bésì àkọ́kọ́, ní ẹni tó kẹ́yìn yẹn ti ṣáájú bọ́ọ̀lù dé bésì. Fídíò fi hàn kedere pé bọ́ọ̀lù ló ṣáájú. Joyce wò ó lẹ́yìn eré, ó sì tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n òfin ìgbà náà kò fàyè sílẹ̀ láti yí i padà. Ọdún 2014 ni wọ́n tó fẹ òfin náà dé bésì àti ọ̀pọ̀ ìdájọ́ mìíràn. Wọ́n fún olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀bẹ̀ kan, ìyẹn àǹfààní láti ní kí wọ́n fi fídíò yẹ ìdájọ́ wò. Bó bá jàre, á rí òmíràn. Bọ́ọ̀lù tí ajubọ́ọ̀lù jù, bóyá ó gba ibi tó yẹ kọjá tàbí kò gbà á, ni wọ́n ṣì fi sílẹ̀ fún ojú adájọ́. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i pé láti sáà 2026, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè pe ẹ̀rọ sí ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì jẹ́ pé àwọn mẹ́ta péré tí ọ̀rọ̀ kàn lórí pápá, ìyẹn ẹni tó ju bọ́ọ̀lù, ẹni tó fẹ́ gbá a àti ẹni tó ń mú un, ló lè pè é.

Ó yẹ kí a máa fẹ iṣẹ́ fídíò sí i. Ìtàn Galarraga tó láti fi hàn pé fídíò tó wà níbẹ̀ tí òfin kò jẹ́ kí a lò jẹ́ ìyà fún agbábọ́ọ̀lù àti rẹfirí pa pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan, ẹyọ kan ni kí a máa fi kún un, kó sì jẹ́ ohun tí kámẹ́rà rí ju ojú lọ nìkan. Fún ìdíje ìlú, ètò tó bójú mu nìyí. Ní ọdún àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ méjì péré: bóyá bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ilé, ìyẹn ìlà ẹnu gólì, àti bóyá rẹfirí fún ẹni tí kò ṣẹ̀ ní káàdì ẹlòmíràn. Ní ọdún kejì, bóyá inú àpótí pẹnárítì ni ẹ̀ṣẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tàbí ìta rẹ̀. Ní ọdún kẹta, káàdì pupa. Ọfúsáìdì ńkọ́? Ẹ má fi fóònù dán an wò láé. Láti ṣe ìdájọ́ rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mọ àwòrán gan-an tí bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó gbá a, kí ẹ sì fa ìlà tó bá ìlà ilé dọ́gba gba ara agbábọ́ọ̀lù méjì kọjá. VAR, ètò fídíò tí àwọn ìdíje ńlá ń lò, ń fi kámẹ́rà tí wọ́n ti wọn igun pápá sínú rẹ̀ ṣe é. Lórí pápá ilé ìwé, níbi tí fóònù ti ń wo ìlà yẹn ní ẹ̀gbẹ́, ìlà tí ẹ bá fi ìka fà lè fi mítà kan yẹ̀, á sì wá dà bí òótọ́ lójú ẹni tó ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ńkọ́? Òfin bọ́ọ̀lù àgbáyé kò jẹ́ kí ìdíje kan dá fídíò sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé IFAB, àjọ tó ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù, fọwọ́ sí i. Bí ìdíje yín bá wà lábẹ́ àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ tàbí NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn. Bó bá jẹ́ eré ọdún ìlú ni, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ bá ẹgbẹ́ àwọn rẹfirí sọ̀rọ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nítorí rẹfirí tí wọ́n fi fídíò bá lójijì lórí pápá lè kọ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé irú èyí tí FIFA ń dán wò fún àwọn ìdíje tí kò lówó VAR lẹ fẹ́ fara wé, èyí tí wọ́n ń pè ní Football Video Support: kóòṣì ló ń béèrè, ẹ̀bẹ̀ méjì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, rẹfirí fúnra rẹ̀ ló sì ń wò ó lẹ́bàá pápá. Wọ́n lò ó níbi Ìdíje Àgbáyé àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn kò ju 20 lọ ní Colombia, lọ́dún 2024.

Ohun èlò, àti ìdí tí fóònù kan fi yàtọ̀ sí èkejì

Kámẹ́rà kan fún ilé kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún àárín pápá, ọ̀kan fún àpamọ́. Iye àwòrán tí kámẹ́rà ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi agbára gbá lè sáré tó mítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí fóònù bá ń ya àwòrán 30, bọ́ọ̀lù ti rin sẹ̀ǹtímítà 83 kí àwòrán kejì tó dé. Ó lè wọlé kó sì ta padà jáde kí ẹ má rí i nínú ilé rárá. Bó bá jẹ́ 60, á rin sẹ̀ǹtímítà 42. Bó bá jẹ́ 120, á rin 21, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìbú bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ dọ́gba. Ẹ má lo èyí tó kéré sí 60.

Èkejì ni bí lẹ́ńsì ṣe ń yára ṣí àti pa. Fóònù tó bá ní ètò Pro fún fídíò, ẹ yí i sí 1/1000, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 1/100, bọ́ọ̀lù á rin sẹ̀ǹtímítà 25 nígbà tí lẹ́ńsì ṣì wà ní ṣíṣí, ohun tí ẹ ó rí kò ní ju funfun tó fà gùn lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí àwòrán sì ń dúdú, ẹ lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 1/500.

Ẹ̀kẹta ló máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu: kámẹ́rà ilé kò lè súnmọ́ ilé. Ìta pápá, lẹ́yìn àsíá igun, ló gbọ́dọ̀ wà, ìyẹn sì lè tó mítà 30 sí àárín ilé. Láti ibẹ̀, lẹ́ńsì fóònù lásán ní 1080p, ìwọ̀n àwòrán fídíò tó wọ́pọ̀, á fi bọ́ọ̀lù hàn ní nǹkan bí píksẹ́lì (àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán) 10 péré, ìlà ilé ní 5 tàbí 6. Ìyẹn kéré jù. Fífi ìka fẹ ojú fóònù kò ràn án, nítorí píksẹ́lì kan náà ló ń fẹ̀. Lẹ́ńsì tó ń fa nǹkan súnmọ́ fúnra rẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta ó kéré tán, ni ẹ nílò. Kámẹ́rà fídíò kékeré àtijọ́ tí wọ́n fi ń ya ìgbéyàwó, bó bá lè ya 60, sàn fún ibẹ̀ ju fóònù olówó iyebíye tí kò ní lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀.

Ní 1080p àti 60, fídíò máa ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 90 sí 175 ní ìṣẹ́jú kan, ó dá lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí gígábáìtì 20 ṣófo. Páwà báǹkì wà fún ìsinmi àárín eré. Fóònù tó ń gba iná nígbà tó ń ya fídíò nínú oòrùn máa ń gbóná títí á fi kú fúnra rẹ̀. Ẹ bọ́ àpò ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi agbòòrùn bò ó, ẹ sì fi sí ipò ọkọ̀ òfuurufú, nítorí ìpè kan ṣoṣo tó bá wọlé lè dá fídíò dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ mú aṣọ rírọ̀ dání láti nu lẹ́ńsì ní ìbẹ̀rẹ̀ eré àti ní ìsinmi. Eruku pápá ilẹ̀ pupa kì í pẹ́ bo ó.

Bí a ṣe ń gbé kámẹ́rà ilé kalẹ̀

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Gólì kì í jẹ́ gólì àfi bí gbogbo bọ́ọ̀lù bá ti kọjá gbogbo ìlà. Ìlà náà kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó òpó ilé. Nítorí náà etí tó kọjú sí àwọ̀n ni ẹ ń ṣọ́, kì í ṣe àárín ìlà.

Ẹ gbé ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí ìta pápá, ní ọ̀nà tí ìlà ilé ì bá gbà tẹ̀síwájú ká ní ó gùn kọjá igun. Ẹ wo inú kámẹ́rà. Ẹ máa sún un lọ sápá ọ̀tún tàbí òsì, ìka kan ní ìgbà kan, títí òpó iwájú á fi bo òpó ẹ̀yìn, tí etí ẹ̀yìn àwọn méjèèjì á sì pọ̀ di ìlà kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ti pọ̀ báyìí, ìdájọ́ rọrùn: bí àlàfo bá hàn láàárín bọ́ọ̀lù àti etí ẹ̀yìn òpó, ní apá àwọ̀n, gólì ni. Bí òpó bá ṣì bo èyíkéyìí lára bọ́ọ̀lù, kì í ṣe gólì. Gíga kámẹ́rà kò yí èyí padà, bí bọ́ọ̀lù ṣe súnmọ́ òpó kan ju èkejì lọ kò sì yí i padà. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí kámẹ́rà yẹ̀ kúrò lójú ìlà yẹn. Ìṣísẹ̀ kan péré sí apá pápá, bọ́ọ̀lù tó ti wọlé pátápátá lè dà bí èyí tó ṣì wà lórí ìlà.

Lórí ọ̀pọ̀ pápá ilé ìwé, òpó kì í tọ́, páìpù tín-ín-rín tàbí igi ni wọ́n fi ṣe é. Bí òpó bá tẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Bó bá tín-ín-rín ju ìlà lọ, ẹ pa ìlà rẹ́, kí ẹ tún un fà kó fẹ̀ tó òpó, kí etí ẹ̀yìn wọn sì bára mu. Ẹfun ni kí ẹ fi fà á. Eérú máa ń fò lọ kí eré tó dé ìdajì.

Lẹ́yìn náà ẹ dán an wò. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù sí ibi mẹ́ta: sórí ìlà, sẹ́yìn ìlà níbi tí kò ti kan ìlà nílẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n tí ikùn rẹ̀ ṣì wà lókè ìlà, àti sí ibi tó ti kọjá pátápátá pẹ̀lú ìbú ìka kan. Ẹ ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkejì ló ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí àwọn òǹwòran tó wà lẹ́yìn ilé á rí ilẹ̀ láàárín bọ́ọ̀lù àti ìlà, wọ́n á sì fi gbogbo ọkàn gbà pé gólì ni. Kì í ṣe gólì. Ẹ fi fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta han rẹfirí àti àwọn kóòṣì kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi ẹfun sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìdúró wà, ẹ fi òkúta tàbí àpò iyanrìn so ó mọ́lẹ̀, kí ẹ sì na okùn yí i ká ní mítà mẹ́ta. Ọmọdé á fẹsẹ̀ kọ ọ́. Bí ẹ bá ṣàkíyèsí pé ó yẹ̀, ẹ tún un tò kí bọ́ọ̀lù tó padà sínú eré, kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá béèrè.

Ní ti oòrùn, eré aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní oòrùn apá ìwọ̀ oòrùn nínú. Apá ìwọ̀ oòrùn pápá ni kí gbogbo kámẹ́rà wà, kí wọ́n máa wo ìlà oòrùn. Kámẹ́rà àárín nílò ibi gíga: ní pápá Oluyemi Kayode ní Adó, ibi ìjókòó òǹwòran tó, ní pápá ìlú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé alájà tàbí ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù á ṣe é. Àpáta tó wà lẹ́bàá ọ̀pọ̀ pápá Èkìtì náà dára, bí òkè rẹ̀ bá tẹ́jú tó fún ìdúró.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀

Ẹ̀bẹ̀ kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí fídíò bá dá láre á gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ padà. Kóòṣì nìkan ló lè béèrè: kì í ṣe olóyè, kì í ṣe ẹni tó gbé ife kalẹ̀, kì í ṣe ààfin. Ẹ kọ gbólóhùn yẹn sínú òfin bó ṣe rí, kí ẹ sì lọ fi han Kábíyèsí tàbí aṣojú wọn ṣáájú ìparí ìdíje, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ó má baà dà bí àfojúdi lọ́jọ́ náà.

Kóòṣì á gbé ọwọ́ sókè láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, á sì fún rẹfirí kẹrin ní páálí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣì ń lọ, rẹfirí kẹrin á kọ àkókò sílẹ̀, wọ́n á sì dúró di ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá jáde. Bí fídíò bá wá fi hàn pé gólì ni, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ parẹ́, títí kan gólì tí ẹgbẹ́ kejì bá jẹ, àfi káàdì ìwà ipá. Ẹ ka apá yìí sókè létí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì kí fèrè àkọ́kọ́ tó dún, nítorí pé bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́yìn tí gólì wọn ti parẹ́, kò sí àlàyé tí wọ́n á gbà. Bí eré bá ti tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìdúró yẹn láìsí ẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán.

Rẹfirí á lọ bá kámẹ́rà tó wà nítòsí ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ kámẹ́rà, tí kò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ àdúgbò ẹgbẹ́ kankan nínú àwọn méjèèjì, á dá fídíò dúró, á wá ibẹ̀, á gbé páálí bo ojú fóònù kí oòrùn má baà bò ó, á sì dákẹ́. Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà tí VLC wà lórí rẹ̀, lẹ́tà E á máa sún àwòrán síwájú ní ẹyọ kan. Ẹni yẹn kò gbọdọ̀ sọ èrò rẹ̀, kò gbọdọ̀ mí kanlẹ̀ pàápàá. Lẹ́yìn ìdájọ́, iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni kó tẹ àmì pupa kí fídíò tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé jù nìyẹn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí rẹfirí kẹrin bi í sókè, “Ṣé ó ti ń yà?”, kí fèrè tó dún.

Fún ìlà ilé, ẹ wò ó ní àwòrán kọ̀ọ̀kan. Fún ẹ̀ṣẹ̀, ìyára gidi ni kí rẹfirí kọ́kọ́ fi wò ó. Fífi fídíò lọ díẹ̀díẹ̀ wà fún ibi tí ara ti kan ara, kì í ṣe fún bí ó ṣe le tó, nítorí ìfọwọ́kàn tó wá, tó lọ á dà bí ìfipá múni. Bésìbọ́ọ̀lù rí èyí lọ́nà mìíràn. Láti ìgbà tí fídíò ti dé bésì, wọ́n ń yọ agbábọ́ọ̀lù tó ti dé bésì láyọ̀ kúrò nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé sókè díẹ̀ bó ṣe ń rọra yọ̀ lọ, ohun tí ojú kankan kò rí rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì ronú kàn nígbà tí wọ́n kọ òfin náà. Bẹ́ ẹ bá ń fẹ iṣẹ́ fídíò, ẹ máa bi ara yín bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú èyí tí ẹ fẹ́ fi kún un.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan àbọ̀, rẹfirí gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú mẹ́ta. Ó tọ̀nà: fídíò gbe ìdájọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó dúró: fídíò kò hàn kedere, ohun tó kọ́kọ́ sọ náà ni. Ó yí padà. Ẹ má jẹ́ kí “ó dúró” bọ́ sílẹ̀ rárá, òun ló ń dá rẹfirí nídè kúrò nínú títú fídíò tí kò ní ìdáhùn. Bí ìdájọ́ kò bá yí padà, ẹ̀bẹ̀ kóòṣì ti lọ nìyẹn.

Ibi tí ètò náà ti lè bàjẹ́

Ẹ má gba fídíò tí òǹwòran yà, bó ti wù kó mọ́ tó. Bí ẹ bá gba ọ̀kan, ní eré kejì ogún fóònù ni wọn á na sí rẹfirí, òmíràn tí wọ́n ti gé nínú rẹ̀. Ẹ má sì gbé fídíò sórí tẹlifíṣọ̀n ńlá fún èrò nígbà tí rẹfirí ṣì ń wò ó.

Ẹ má jẹ́ kí èèyàn ẹgbẹ́ kankan súnmọ́ kámẹ́rà, kódà bó jẹ́ pé ó kàn fẹ́ wò. Ní ọdún 2017, àwọn èèyàn ẹgbẹ́ bésìbọ́ọ̀lù Houston Astros lo kámẹ́rà àárín pápá àti yàrá tí wọ́n ti ń wo fídíò ìdájọ́ láti mọ àmì ọwọ́ tí ẹgbẹ́ kejì ń ṣe, wọ́n sì ń ta agbábọ́ọ̀lù wọn lólobó. Nígbà tí ìwádìí jáde ní oṣù Kíní ọdún 2020, owó ìtanràn jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là, wọ́n sì dá A.J. Hinch tó ń darí ẹgbẹ́ lórí pápá àti Jeff Luhnow tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ dúró fún ọdún kan. Fídíò tí a gbé wá fún ìdájọ́ ni wọ́n sọ di irinṣẹ́ ìyànjẹ. Ní ìlú yín, fóònù àárín pápá lè ṣe irú ìyẹn fún kóòṣì tó bá rí i nígbà ìsinmi.

Ní gbogbo eré, rẹfirí kẹrin á kọ nǹkan mẹ́rin sínú ìwé: ìṣẹ́jú tí ẹ̀bẹ̀ wáyé, ohun tí wọ́n béèrè, ìdájọ́ wo ló jáde nínú mẹ́ta, àti iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà. Lẹ́yìn ìdíje, ìwé yẹn ni ìgbìmọ̀ á fi pinnu bóyá ọdún tó ń bọ̀ á fi kún un. Bí “ó dúró” bá ju ìdajì lọ, ibi tí kámẹ́rà wà ni kò dára tàbí lẹ́ńsì ni kò tó. Ẹ tún ìyẹn ṣe, ẹ má fi ohunkóhun kún òfin. Bí ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀ bá parí láàárín ìṣẹ́jú kan àbọ̀ pẹ̀lú “ó tọ̀nà” tàbí “ó yí padà”, ẹ lè ṣí àpótí pẹnárítì ní ọdún kejì. Ẹ tọ́jú fídíò gbogbo eré títí àkókò ìfẹjọ́sùn á fi kọjá, kí ẹ sì gbé e sí ọwọ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ nìkan.